Wọn Ò Yọ Pákó fún Bébà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó dúró sídìí tábìlì gígùn nínú ooru, tó ń lọ kọ́tíìnì ilé ìtura, tó wọ súwẹ́tà ńlá lé ọ̀rá lórí, tó sì tún fi fìlà òtútù bo etí méjèèjì, ẹ má pè é ní wèrè. Bébà ni. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń lọ aṣọ oníbàárà, ó sì ń gbẹ ara rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń fún un ní oúnjẹ, èkejì ló ń gba oúnjẹ náà lẹ́nu rẹ̀.

Kóòṣì ló sọ ọ́ ní Bébà, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìdárayá tí wọ́n ti ń kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ ọmọkùnrin náà ní abíyá, ó gbé e sókè, ó tún gbé e sílẹ̀, ó ní, "Kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ nílé? Bébà?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Nígbà yẹn, ó fúyẹ́ lóòótọ́. Kò tíì dàgbà tán, apá àti ẹsẹ̀ nìkan ló ní. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa gbéyàwó, èjìká rẹ̀ ti fẹ̀, itan rẹ̀ ti ki, bí ẹ bá sì jẹ́ kó jẹun kó mumi bí ọmọ ènìyàn, kìlò mẹ́rìndínláàádọ́rin ni yóò wọ̀n láìṣe wàhálà kankan. Kóòṣì ò gba ìyẹn gbọ́. Ọ̀wọ́ àwọn ọlọ́gọ́ta kìlò ló ti kọ́kọ́ mú un jà, ibẹ̀ náà ló sì ń mú un lọ.

"Wo bó o ṣe ga," Kóòṣì á wí. "Láàárín àwọn ọlọ́gọ́ta, òpó iná ni ẹ́. Tí n bá mú ọ lọ sókè, ọmọdé ni wọ́n máa pè ọ́."

Gbígbẹ ni wọ́n ń pè é nílé ìdárayá. Wọn kì í sọ pé ẹnì kan ń fọn tàbí pé ó ń febi panú. Tí ìjà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á kàn bi ara wọn pé, "Ṣé o ti ń gbẹ?" ẹnì kejì á ní, "Mo ti ń gbẹ," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aṣọ orí okùn. Ẹnikẹ́ni ò sì rántí pé aṣọ kò ní kíndìnrín.

Ní ti gbígbẹ, Bébà ríbi tó dára ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ló ni ilé alágbàfọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ti iwájú ni káńtà àti òṣùwọ̀n wà, àárín ni wọ́n ti ń fọ aṣọ, ti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Yàrá ẹ̀yìn yìí ní fèrèsé kan ṣoṣo, kékeré, tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù ńlá bá ń tú èéfín omi gbígbóná jáde, òógùn á máa kán láti àjà ilé. Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ yòókù ń wá ibi tí wọ́n á ti làágùn kiri, Bébà ń gbowó oṣù níbi tiẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ka aṣọ. Wíwọ̀n ló ń wọ̀n ọ́n, iye kìlò tí aṣọ rẹ bá jẹ́ lo máa san. Obìnrin tó mọ́ lọ́wọ́ ni, kì í fi bọ́tìnnì kan ṣòfò, bó bá rí owó nínú àpò ṣòkòtò yín, ẹ máa bá a nínú ọ̀rá kékeré lórí aṣọ yín tó ti ká. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ti pẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan tó kógbá wọlé ló ti rà á. Onírin ni, ó ní ọ̀pá gbọọrọ kan lókè, tí ènìyàn á máa ti ọmọ irin kékeré lórí rẹ̀ títí ọ̀pá náà yóò fi dúró jẹ́ẹ́, tí kò ní tẹ̀ síhìn-ín, tí kò ní tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù lé ní rọ́bà dúdú lórí. Ti ilé ìdárayá ti bà jẹ́ tipẹ́, nítorí náà orí òṣùwọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Bébà ti ń wo ara rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, á bọ́ra sílẹ̀ ku pátá, á gun òṣùwọ̀n, á máa ti ọmọ irin lọ, á máa tì í bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wà níbi tó ti ń to ìdì aṣọ sórí pẹpẹ, á kọ ẹ̀yìn sí i.

"Mélòó?"

"Méjìlélọ́gọ́ta."

"Ó kù díẹ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wí, á sì gbé ìdì mìíràn.

Ìyàwó Bébà ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ebi ń pa ọkùnrin bí ẹni máa kú, ìyàwó rẹ̀ wá wọlé, gbogbo irun orí obìnrin náà ń ta sánsán bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. Tí ìjà bá ń sún mọ́, ó máa ń wẹ̀ níbi iṣẹ́ kó tó wálé, á pààrọ̀ aṣọ, síbẹ̀ Bébà á ti gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Sún sọ́hùn-ún díẹ̀, jọ̀ọ́."

"Ṣé èmi lẹ ń lé ni, àbí búrẹ́dì?"

"Búrẹ́dì ni."

"Ó dáa, torí èmi ò níbi tí mò ń lọ."

Òun náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìtọ̀ Bébà, pé ó ti dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Bébà ní bí ti gbogbo wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́ kọ́ ló pa. Bí ti gbogbo wọn ṣe máa ń rí nìyẹn lóòótọ́.

Ìjà ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ̀ pé abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni àwọn oníròyìn ń pe ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ní abala kìíní, òjò Bébà á rọ̀ débi pé ẹni tó ń bá a jà ò ní mọ ibi tó máa sá gbà. Ní abala kejì, á tún rọ̀. Tó bá ti di ìkẹrin, ó ti dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Á máa rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀, á mọ ibi tó yẹ kó yẹra sí, ṣùgbọ́n ara á pẹ́ kó tó jẹ́ ìpè. Onígbàjámọ̀ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í pa ìjà kankan jẹ. Tó bá ti di abala kẹta, á dìde láàárín èrò, á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á pariwo pé, "Ẹ tètè gbé abọ́ síta o! Òjò ti fẹ́ dá!" Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ tí wọn ò rẹ́rìn-ín sí ló ń dun Bébà. Wọ́n ní kò láyà. Wọ́n ní ọmọkùnrin náà mọ ẹ̀ṣẹ́ jà, àmọ́ tí nǹkan bá le, á fẹ́ lọ sílé. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ó kà á nínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu Kóòṣì nígbà tí Kóòṣì rò pé ó ti sùn nínú ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ò bà òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yé kọ̀ fún un níbì kan náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀. Ìtìjú ńlá nìyẹn, ó sì ń gbé e kiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tó yẹ kó ta wọ́n jí, tó jẹ́ pé òun gan-an ló tún kì wọ́n bọ inú oorun. Lọ́jọ́ ìwọ̀n, tí àjọ tó ń bójú tó ìjà bá ní kí Bébà gun òṣùwọ̀n tiwọn, ó máa ń wọ̀n kéré gan-an sí bó ṣe wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ àná. Á gun tibí ní ọgọ́ta géérégé, á gun tọ̀hún ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta àti díẹ̀. Kóòṣì ti rí ìdí rẹ̀, kò sì tún wá òmíràn.

"Ojú oorun ló ń gbẹ ẹ," ó máa ń ṣàlàyé fún wọn. "Àwọn kan ń sùn, wọ́n ń sanra. Ti Bébà, tó bá ti dijú báyìí, omi á máa lọ."

Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i. Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ tí kì í kọjá ìwọ̀n, ọmọ gidi ni lójú kóòṣì. Ibi tó sì ti ń dùn sí i yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, nígbà tí Kóòṣì bá sì ronú, ẹlòmíràn ló máa ń fara gbá a.

"Bébà, jókòó," ó wí lọ́jọ́ kan. "Ìgbà wo lo wọ̀n tó ọgọ́ta gan-an rí lórí òṣùwọ̀n àjọ?"

"Mi ò rántí, sà."

"Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n bí ọ mọ́. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Wọ́n fẹ́ jà du bẹ́líìtì olúborí níbẹ̀, abala mẹ́jọ, mo sì ti fi orúkọ ẹ sílẹ̀."

"Kóòṣì, kí n tó dé ọgọ́ta yẹn gan-an, mo máa ń rí ikú lọ́ọ̀ọ́kán."

"Gbogbo wa la máa ń rí i. Kí i, kó o máa lọ."

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò sì dáwọ́ dúró.

"Kí lẹ fẹ́ fi bẹ́líìtì ṣe?"

"Tí mo bá ti gbà á, kò sẹ́ni tó máa sọ pé mi ò láyà mọ́."

"Àwọn tó ń sọ ọ́, ṣé àwọn náà ń lọ kọ́tíìnì nínú súwẹ́tà?" Ó gbé aṣọ tó ká sórí ibùsùn. "Ẹ lọ ja èyí. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbẹ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìyàwó tó ń ta yìnyín."

Báyìí ni Bébà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lọ sí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó dé ọgọ́ta bó ṣe máa ń dé e, pẹ̀lú ìrora tó ti mọ̀ dunjú. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ṣú mọ́ ọn lójú. Ó tutọ́ sínú agolo títí itọ́ fi tán. Ó jẹ ẹyin sísè kan lóòjọ́, ó wá jẹ ìdajì. Bí ẹ bá fà á láwọ̀ lẹ́yìn ọwọ́, awọ náà á dúró bí ẹ ṣe fà á, bí aṣọ tí wọ́n ti lọ ìlà sí. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé òógùn dáwọ́ dúró. Ó wọ súwẹ́tà, ó wọ ọ̀rá, ó dúró nínú èéfín áyọ́ọ̀nù, ara rẹ̀ gbóná bí iná, àmọ́ òógùn ò jáde. Ìjà ku ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ irin dúró sórí mọ́kàndínlọ́gọ́ta, kò sì lọ mọ́.

"Mélòó?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́ta."

"Ìyẹn ò tíì tó ni?"

"Kò tíì tó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wojú rẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ó fẹ́ sọ nǹkan, àmọ́ eyín ń dùn ún láti àárọ̀, ló bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó bọ́ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti wú bíi ti ẹni tó fi ẹyin há ẹnu. Ó di dandan kó lọ sọ́dọ̀ onísègùn eyín. Ó fi ìka júwe káńtà fún Bébà, ó fi ìka júwe òṣùwọ̀n.

"Wọ̀n ọ́n, kọ ọ́, gbowó," ó wí láàárín ètè, ó sì jáde. Bébà ò dúró nídìí káńtà rí láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ìdí áyọ́ọ̀nù ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú ká wọn aṣọ?

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni onígbàjámọ̀, ó gbé ìdì tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí abíyá.

"Bébà! Wọ́n ti gbé ọ wá síwájú? Kí ojú má rí ibi o, ṣé èèyàn ló dúró yìí àbí ìkọ́ aṣọ?"

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé e lé e."

Ó ti ọmọ irin lọ, ó tì í bọ̀. "Mọ́kànlá."

"Mọ́kànlá kẹ̀? Yọ pákó."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní o ò tíì yọ pákó. Kìlò mẹ́jọ ni tówẹ́ẹ̀lì mi láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé e wá síbí. Àbí o fẹ́ fi èmi gba bẹ́líìtì ni?"

"Pákó wo?"

Onígbàjámọ̀ rò pé ó ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé kò ṣeré, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìka méjì ká etí rọ́bà dúdú náà sókè. Pákó kan wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, igi líle, ó nípọn tó àtàǹpàkò, wọ́n ti fi ìdè irin dè é mọ́ òṣùwọ̀n nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ojú irin yẹn kéré, ìdì aṣọ ń yọ̀ bọ́ nílẹ̀," ó ní. "Káfíńtà ló bá a ṣe pákó yìí kó o tó máa ṣiṣẹ́ níbí. Kìlò mẹ́ta ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í gbowó pákó lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni, á yọ ọ́ kó tó pe iye tìẹ. Kì í tiẹ̀ sọ ọ́ jáde mọ́, orí ló fi ń ṣe é." Ó wo ojú Bébà. "Kí ló dé? Ṣé mo sọ nǹkan tí kò dáa ni?"

"Rárá o," Bébà wí. "Mẹ́jọ ni. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí onígbàjámọ̀ jáde, Bébà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ náà gan-an. Ó bọ́ra sílẹ̀. Ó gun òṣùwọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó yọ pákó fún ara rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì ku mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó ti kọjá ibi tó ń lọ. Láti ọjọ́ mélòó kan ló ti kọjá ibẹ̀, tó sì tún ń sáré lọ síwájú nínú òkùnkùn.

Ó jókòó sórí ìdì aṣọ ìdọ̀tí kan. Kò pẹ́ tí orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìjà náà sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tó gun òṣùwọ̀n àjọ tó wọ̀n kéré. Gbogbo abala kẹrin. Ẹni tó fẹ́ jà ní ọgọ́ta, tó jẹ́ pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ń gbẹ ara rẹ̀ dé, tó sì ń wọ pápá ìjà bí ẹni tó ti gbé ara rẹ̀ tà. Ibi tí ojú oorun ti ń gbẹ èèyàn rèé! Inú bí i gan-an. Lẹ́yìn náà, nǹkan mìíràn tú nínú rẹ̀, ó sì dùn ju ìbínú lọ: kì í ṣe àyà. Kò fìgbà kan jẹ́ àyà. Ó fẹ́ sunkún, omi ò sí.

Ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi ń rọ omi sí áyọ́ọ̀nù, ó bu ìdajì ife. Ó kọ́kọ́ fi í sẹ́nu, ó sì gbé e dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn. Kìlò kan ló lè mu kó tó dé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó sì mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dé, òwú lẹ́nu, tó bá ilẹ̀kùn ní títì.

"Oorun ló gbé mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bínú. Ó wo ìdì tó wà nílẹ̀.

"Ti onígbàjámọ̀ mélòó?"

"Mẹ́jọ."

"Ṣé o yọ pákó?"

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè Bébà. Ó wo obìnrin tó rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú òwú ẹnu rẹ̀, tó fi gbogbo ọ̀dọ́ rẹ̀ fọ aṣọ aláṣọ kí òun lè lọ sílé ìwé. Kò wá bó ṣe máa sọ ọ́. Ó gbé e mì bó ṣe gbé omi mì.

"Mo yọ ọ́," ó ní.

Kóòṣì nìkan ló sọ fún. Kóòṣì gbọ́ ọ tán, ó ka ìka ọwọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì là. "Ó túmọ̀ sí pé o ti dé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta láìmọ̀? Bébà! Ṣé o mọ̀ pé o ṣì lè sọ̀ kalẹ̀ sí i?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́, ẹ bá mi wo irú ọpọlọ yìí. Bébà ní tẹ́ni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bá wà, kí Kóòṣì fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní lẹ́yìn ìjà yìí, òun ń lọ sí ọ̀wọ́ òkè, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, bí Kóòṣì bá sì fẹ́, kó máa pe òun lọ́mọdé níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n, ó wọ̀n mẹ́tàdínlọ́gọ́ta géérégé. Lọ́jọ́ kejì ni ìjà wáyé. Abala kìíní, òjò rọ̀. Ìkejì, ó rọ̀. Nígbà tí aago ìkẹta dún, onígbàjámọ̀ dìde láàárín èrò, ó fi ọwọ́ ká ẹnu, ó ké nípa abọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Abala kẹrin dé, ó kọjá. Ìkarùn-ún kọjá. Ní ìkẹfà, ẹsẹ̀ Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nítorí omi kìlò kan kò lè san gbèsè ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n nígbà tó pe ẹsẹ̀ náà, ó dáhùn. Wọ́n gbá a ní ìkeje débi pé ó rí iná lójú, kò sì ṣubú. Nígbà tí aago ìkẹyìn dún, ó wà lórí ìdúró. Onígbàjámọ̀ náà wà lórí ìdúró.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó borí. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmì ẹyọ kan ni ẹnì kejì fi jù ú lọ, wọ́n sì so bẹ́líìtì mọ́ ẹlòmíràn nídìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á dì mọ́ Bébà, ó sì sọ sí i létí pé, "Ta ló sọ fún mi pé o ò láyà? Ọlọ́run á bi í." Bébà rẹ́rìn-ín tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Kò tíì sí ọjọ́ tínú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ ló tọ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi máa dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ògiri.

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan ló tọ́jú rẹ̀. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bi í ní iye ọdún tó ti ń gbẹ àti bó ṣe ń ṣe é, ó ń gbọ́, ó ń mi orí. Ó wá sọ pé kíndìnrín méjèèjì ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe, ìwọ̀nba agbára tó kù nínú wọn ló máa máa ṣọ́. Ó ní kò tún gbọdọ̀ gbẹ mọ́ láyé rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ja ẹ̀ṣẹ́ mọ́, ní ọ̀wọ́ òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Bébà, tó ti mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná pé òun láyà, kọjú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáhùn. Ó ti dúró síbi ẹsẹ̀ ibùsùn láti àárọ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá jà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ẹni tí kò ní ẹbí ni," ó ní. "A ń wọ̀n ọ́n. Lójú mi ló ti ń gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, kò wọ̀n kéré sí iye tí wọ́n fẹ́ rí. Òṣùwọ̀n mi kì í parọ́, ẹ bi gbogbo àdúgbò. Mi ò jẹ owó ẹnikẹ́ni rí. Àní pákó tó wà lábẹ́ ẹ̀ pàápàá, mo máa ń yọ ọ́ fún gbogbo..."

Ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí. Ó wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ lórí ibùsùn. Gbogbo nọ́ńbà tí Bébà ti ké sí i láti orí òṣùwọ̀n, tí òun kọ ẹ̀yìn sí, tí òun sọ pé "ó kù díẹ̀" sí, ló ń padà wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó," Bébà wí, kò yíjú padà.

"O ò mọ̀ pé pákó wà níbẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo mọ̀."

"Ye!" Ó di orí mú, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn náà. "Gbogbo ayé ni mò ń yọ pákó fún! Àlejò tó kọjá lọ pàápàá, mo yọ ọ́ fún un! Ọmọ ìyá mi nìkan ni mi ò yọ ọ́ fún!"

Dókítà gbé e dìde. Ó ní pákó kọ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Kìlò mẹ́ta ni ti pákó. Ẹni tó yẹ kó wọ̀n mẹ́rìndínláàádọ́rin tó ń já ara rẹ̀ wá sí ọgọ́ta léraléra, kíndìnrín rẹ̀ máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, pákó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Òótọ́ ló sọ, Kóòṣì ló sì yẹ kó wà níbẹ̀ kó gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ó ti ṣe díẹ̀. Bébà ṣì ń lọ aṣọ, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì fi fèrèsé gidi sí i. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé búrẹ́dì wálé, ó sì ń sún mọ́ ọn bó bá ṣe wù ú. Onígbàjámọ̀ kì í sọ̀rọ̀ òjò mọ́. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan níbi káńtà pé, "Bébà, níbo lo ti ń kó àyà yẹn pa mọ́ sí látọjọ́ yìí?" Bébà ní, "Abẹ́ rọ́bà ni, ẹ̀gbọ́n." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n ti tú pákó náà kúrò lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣíwọ́ yíyọ mẹ́ta fún àwọn oníbàárà.

Lóṣooṣù, wọ́n ń wọn Bébà nílé ìwòsàn kí dókítà tó rí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ń mú un lọ, kò gbà kí ẹlòmíràn mú un lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní kí Bébà bọ́ bàtà, kó gun òṣùwọ̀n, obìnrin àgbàlagbà náà á sì na ọwọ́ dá a dúró. Á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún, á ká rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sórí òṣùwọ̀n náà sókè, á wo abẹ́ rẹ̀ nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ padà.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," á sọ fún un. "Gùn ún."